Ọ̀rọ̀ Baba Apẹja Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń kó èdè àwọn ará etí odò kan jọ. Baba apẹja kan ló fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà: orúkọ ẹja, orúkọ àwọ̀n, orúkọ ìgbì. Baba kò gbà kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Nígbà òjò ọdún náà, Baba kú.

Lálaalẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Àyè kò tó, nítorí náà, ẹ̀dà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin yìí a pa á rẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Fadérera, sọ fún un pé, "Máa yọ ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Má pa ìyẹn rẹ́ títí ọdún yóò fi yípo."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, kí la fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe nígbà tí ti àná wà?" Síbẹ̀ ó ṣe é, nítorí pé ọ̀gá ló sọ ọ́.

Láàárín oṣù Kejìlá, kí wọ́n tó lọ ìsinmi, ó fi àtúnṣe kan sínú kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe náà gbá gbogbo àmì ohùn dànù. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ojú ewé ń ṣí, lẹ́tà ń hàn, ẹ̀dà sì ń lọ lálaalẹ́.

Ọdún tuntun ti wọlé kí ọmọ Baba obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, tó sáré wọlé wá. "Ẹ wò ó! Igba, igbá, ìgbà: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn níbí! Ohùn bàbá mi dà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀dà wà."

Ó ṣí ti àná. Kò sí àmì. Ó ṣí èyí tó pẹ́ jù nínú ti ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí àmì. Àṣìṣe náà gan-an ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì ti pa èyí tó dára rẹ́. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀: "Mà, gbogbo rẹ̀ ti lọ."

Fadérera ní, "Ti oṣù Kọkànlá ńkọ́?"

Ó ṣí i. Háà! Gbogbo àmì pé síbẹ̀! Ọmọ Baba kígbe, ó ń ka orúkọ ẹja sókè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. "Mà, ẹ ṣeun! Ẹ mà ṣeun o!"

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó lẹ́yìn ẹ̀dà yẹn ni wọ́n tún lọ béèrè. Àwọn tó sọ wọ́n ṣì wà láyé.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, má fi ẹ̀dà àná fọ́nnu. Bi ara rẹ pé, bí nǹkan mi bá bàjẹ́ lónìí, yóò ti pẹ́ tó kí n tó mọ̀? Ohun tí o fi pamọ́ gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìyẹn lọ. N kò ní kí o kó gbogbo rẹ̀ jọ títí ilé ò fi ní gba ẹsẹ̀. Mú díẹ̀ nínú ti ọ̀sẹ̀, mú díẹ̀ nínú ti oṣù, kí o sì máa ṣí wọn wò. Ìbàjẹ́ tó ń pariwo kò ṣòro. Èyí tó dákẹ́ ni kí o múra dè. Dìde, lọ wo tìrẹ lónìí!