Alágbẹ̀dẹ àti Ẹni Tó Ń Tètè Rẹ́rìn-ín

Ọkùnrin kan wà, alágbẹ̀dẹ ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ohun tó ń rọ lọ. Bí àwọn obìnrin bá ti ń kọjá, á gbé ọkọ́ tuntun sókè, á ní, "Ẹ wá ra ọkọ́ o, ẹ̀yin ìyá. Tèmi yìí kì í bèèrè oúnjẹ alẹ́." Wọn á rẹ́rìn-ín títí, wọn á dì mọ́ra wọn, nítorí ọkọ tó wà nílé ni wọ́n ń gbọ́ nínú ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan ló ń bá a fi ẹwìrì fẹ́ná. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Bí ọ̀gá bá ti lanu pé "Ẹ wá ra," òun ti bú sẹ́rìn-ín. Èyí ń bí alágbẹ̀dẹ nínú. Lọ́jọ́ kan, lójú àwọn oníbàárà, ó ní, "Òmùgọ̀ ni ọ́. Ẹ̀rín rẹ ló ń ba àwàdà mi jẹ́." Ọkùnrin náà gbé ẹwìrì sílẹ̀, ó gbalé lọ, kò sì padà wá mọ́.

Láìpẹ́, ọmọ alágbẹ̀dẹ bímọ sí Òkè Ọya, bàbá sì lọ síbi ìkómọ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ibẹ̀ fún àwọn àlejò. Bàbá àgbà kan fi sùúrù bèèrè pé, "Lọ́dọ̀ tiyín, ṣé ọkọ́ máa ń jẹun ni?" Ọmọ ṣàlàyé, ó ṣàlàyé títí, wọ́n kàn mi orí. Ènìyàn rere ni wọ́n, ọgbọ́n wọn kò sì kéré, ṣùgbọ́n ọkọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́. Alágbẹ̀dẹ rántí ẹni tó lé lọ, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

Bó ṣe dé, kò kọ́kọ́ yà sílé ara rẹ̀. Ó bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni." Ọkùnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Alágbẹ̀dẹ wá ní, "Ẹ wá ra..." Ẹ̀rín gba ọkùnrin náà lẹ́nu, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó tì í, ó ní, "O ṣeun. O ṣeun gan-an ni." Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti wà ní àgbẹ̀dẹ.

Àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ráhùn lánàá pé ìyàwó rẹ kì í jẹ́ kí àwàdà rẹ délẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ kan ni ìwọ sọ. Òun ló fi ìkejì kún un kó tó di ẹ̀rín, ibi tó sì ti mú un ni gbogbo ọdún tí ẹ ti jọ ń sọ̀rọ̀. Láti ojúlé mi ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin yẹn, mo sì máa ń bá ọ dúpẹ́. Bí o bá délé, pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá tún ṣáájú rẹ, má parí ọ̀rọ̀ náà. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.