Eérú Ilé Opó

Oyèkànmí, ọkùnrin kan wà tí ó fi òwe ìlú rẹ̀ ba ilé onílé jẹ́ ní òkèèrè. Jókòó kí n sọ tirẹ̀ fún ọ. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ wà nínú mọ́tò níta pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ilé àwọn òbí rẹ̀ ni o ń gbé e lọ. Èmi tí mo ṣe alárinà yín ni o kọ́kọ́ wá fi tó létí, ìyẹn dára. O ní láti ìgbà tí ẹ ti sin ọmọ yín, kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. O ní ìfẹ́ ti kú nínú ilé náà. O wá pa á lówe fún mi pé iná kú, ó feérú bojú. Òwe náà dùn lẹ́nu rẹ. Òun gan-an ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí pa.

Tíṣà ni. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, nǹkan àtijọ́ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ó ń gbé ìlú òyìnbó, ó gbọ́ nípa erékùṣù kan ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Skọ́tlándì, níbi tí àwọn àgbà kì í ti í bá ara wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Géélì ni wọ́n ń sọ, èdè àwọn baba ńlá wọn. Ó ní àfi kí òun fojú òun rí i. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbì gbé e sókè, ìgbì gbé e sọlẹ̀, títí ó fi pọ gbogbo ohun tí ó jẹ.

Igi kò sí níbi tí ó gúnlẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí igi dàgbà níbẹ̀. Òkúta ni, koríko ni, àgùntàn ni, òjò ni. Lórí òkè kan tí ó kọjú sí òkun, àwọn òkúta gíga dúró ní òbìrípo, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó gbé wọn nàró. Tíṣà fọwọ́ kàn wọ́n, ó rántí Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ifẹ̀, àárò ilé sọ ọ́. Ó dé ahoro abúlé kan tí wọ́n ti lé àwọn ènìyàn kúrò láyé ijọ́un, kí àgùntàn olówó lè rí ibi jẹ̀. Ògiri òkúta nìkan ló kù, koríko ti hù nínú yàrá. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, ó bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í lo dùùrù. Bàbá kan a lé Sáàmù lédè Géélì, ìjọ a sì gbà á ní ohùn gígùn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Tíṣà ní òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé àwọn tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ rí ló ń kọrin.

Opó arúgbó kan ló gbà á sílé. Òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ nídìí ẹja pípa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká sí àwọn ìlú ńlá. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn lọ́nà. Ààrò wà láàárín ilé náà, ilẹ̀ ni ó sì fi ń dáná níbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ni mo wí. Wọ́n a máa gé ilẹ̀ dúdú inú àbàtà bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n a sá a títí yóò fi gbẹ, wọ́n a wá tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kì í jó bùlàbùlà bí igi tiwa. Ó máa ń pọ́n jẹ́jẹ́ ni, a sì máa pẹ́ kó tó tán.

Iná yẹn ni ìyá náà fi ń yangàn. Ó ní kò kú rí láti ìgbà ìyá ìyá òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé wọn kúrò ní abúlé tí ó dahoro yẹn, ẹ̀yinná inú ìkòkò irin ni ìyá ìyá rẹ̀ gbé dání, ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Àṣà wọn ni pé obìnrin tí ó bá ní ilé tuntun, ìdí ààrò ìyá rẹ̀ ni yóò ti wá bu ẹ̀yinná. Láyé àtijọ́, bí iná ẹnì kan bá ṣèèṣì kú, yóò lọ mú lára ti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti dé, gbogbo ilé ti jẹ́ kí tiwọn kú. Ti opó yìí nìkan ló kù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá náà ní ìròyìn ayọ̀ kan wà. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin, ti padà wálé láti ìlú ńlá. Ó ti kọ́ ilé sí ìhà kejì òkè, lọ́jọ́ kejì ni ó sì ń bọ̀ wá gbé iná. Ìyá náà sọ ọ́ tán, ó tún un sọ, ó tún nu ìkòkò irin náà tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí ó tó lọ sùn, ó kúnlẹ̀ nídìí ààrò. Ó kó ẹ̀yinná náà jọ, ó fi eérú bò ó títí kò fi hàn mọ́, ó ń fọwọ́ tẹ eérú náà bí ìyá tí ń da aṣọ bo ọmọ. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ahọ́n lédè Géélì. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni tíṣà rí. Ó rò pé àdúrà ni ó ń gbà, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, òjò ń rọ̀. Tíṣà ló kọ́kọ́ jí. Ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ ni, kò lè jí nílé àgbà kí ó wá káwọ́ gbera. Ó dé ìdí ààrò, eérú ló bá. Kò sí pípọ́n, kò sí èéfín. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó tutù. Ó ní, "Yéè! Iná kú, ó feérú bojú." Àánú ìyá náà ṣe é gidigidi. Ó rò ó pé bí ó bá jí bá eérú lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò gbọgbẹ́. Ó kúkú sàn kí òun palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí òun ṣáná sí òmíràn kí ó tó jí. Kò ní mọ̀. Oore ni ó fẹ́ ṣe o. Ìwọ náà sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé oore ni, kí ìyàwó rẹ lè lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó kó eérú náà sínú garawa, ó gbé e jáde, ó dà á sínú òjò lẹ́yìn ilé.

Ìgbà náà ni eérú náà ké, ṣììì. Èéfín rú sókè. Láàárín rẹ̀, nǹkan pupa kan là bí ojú, ó wò ó, òjò sì pa á dé. Tíṣà wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán tú u. Ó jó o lọ́wọ́. Síbẹ̀, èyí tí ó rí mú ti dúdú kí ó tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá náà ti dúró níbẹ̀. Ó rí garawa, ó rí ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti bó.

Tíṣà ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Mà, mo rò pé ó ti kú ni."

Ìyá náà ní, "Kò kú. Ó ń sùn ni."

Kò pariwo. Ó lọ jókòó, ó ń wo ààrò tí ó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Inú ilé kan náà la sùn. O ò bi mí."

Tíṣà sọ fún mi pé ká ní ó gbá òun létí ni, ì bá sàn ju gbólóhùn yẹn lọ.

Ọmọbìnrin náà dé, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ọ̀nà. Ó wo ààrò, ó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Tíṣà yọ ìṣáná nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, nítorí kò mọ ohun tí ó tún lè ṣe. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin náà dojú ìkòkò irin délẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n sì di ọwọ́ ara wọn mú. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé tíṣà lọ, ó bojú wẹ̀yìn wo ilé náà. Kò rí èéfín. Ó ti darúgbó báyìí, àpá iná náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn bi òun nípa rẹ̀.

Oyèkànmí, àwọn baba wa kò purọ́. Iná tí ó kú a máa feérú bojú. Ṣùgbọ́n iná tí ó fẹ́ rí òwúrọ̀ náà ń feérú bojú, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ kú mọ́ ìyàwó rẹ lọ́wọ́. Bí kò bá bo ìwọ̀nba tí ó kù nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ni o rò pé òjò ọ̀fọ̀ yìí ì bá ṣẹ́ kù fún un? O ní kò bá ọ sọ̀rọ̀. Kí ni o bi í tí kò dáhùn? Inú ilé kan náà lẹ ń sùn. O ti gbé garawa, o ò tíì fọwọ́ tú eérú wò.

Má dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Èyí ni kí o dá mi lóhùn. Bùbá àti ṣòkòtò tí o wọ̀ yìí, tí o fẹ́ wọ̀ lọ dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀, mo ti ń wò ó láti ìgbà tí o ti wọlé. Kò rún níbì kankan. Ta ló bá ọ lọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí?

O ń fọwọ́ ra etí bùbá náà.

Dìde, lọ bá a nínú mọ́tò. Má tíì ṣáná sí i. Jókòó tì í, kí o bi í.