Igi Tó Dùbúlẹ̀ Lábẹ́ Òrùlé

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe káfíńtà lábẹ́ ọ̀gá kan, òun àti ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀gá ti darúgbó. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó bá ṣe dáadáa jù nídìí òrùlé gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ni òun máa fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ọkùnrin yìí ò kúrò lára ẹnì kejì rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ló ń ru igi. Pákó gbọọrọ gbọọrọ ni yóò gbé lé èjìká, tí yóò gun àkàsọ̀ lọ sókè nínú oòrùn. Ẹnì kejì rẹ̀ a jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, a máa ya igun mẹ́ta ti igun mẹ́ta, a máa dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tí oúnjẹ bá dé, ẹni tó jókòó yìí ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ gbé e fún. Ọkùnrin wa a máa wò wọ́n látòkè. Ó mọ iye ẹran tó wà nínú abọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ju iye ìṣó tó há sẹ́nu ara rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá kékeré. Ṣé ìdí ò dùn yín?"

Èkejì ò gbójú sókè. Ó ní, "Ó ń dùn mí o. Oríkèé òrùlé kan, níbi tí igi ti pàdé igi, ló ń yọ mí lẹ́nu. Ohun tó ń tì í níhìn-ín àti ohun tó ń fà á lọ́hùn-ún ò tíì dọ́gba. Tí wọn ò bá dọ́gba nínú ìwé, oríkèé yẹn ò ní dúró lókè."

"Nínú ìwé!" Ọkùnrin náà pòṣé, ó padà sórí àkàsọ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé gbogbo férémù òrùlé dúró, wọ́n sì kan páànù lé wọn. Férémù kọ̀ọ̀kan ní igi méjì tó dagun, tó forí kora lókè. Àwọn igi kéékèèké wà láàárín wọn. Igi gígùn kan wá nà tàntàn nísàlẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń kan òrùlé ilé gbígbé. Nínú ilé gbígbé, ògiri yàrá ló ń gba òrùlé dúró lábẹ́. Irú igi ìsàlẹ̀ yẹn, àjà nìkan ni wọ́n ń kàn mọ́ ọn. Gbọ̀ngàn yìí ò ní ògiri yàrá, kò ní òpó kan ṣoṣo láàárín. Kò ro ìyẹn. Igi tó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń làágùn ló rí. Ó rán an létí ẹnì kan.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Màá gé ọ̀kan. Òrùlé ò ní mira. Ọ̀gá á wá mọ̀ pé igi lásán lẹni ìwé yẹn ń kó jọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọ̀gá àti èkejì wà níta, ó gun òkè tòun ti ayùn. Ó mọ ohun tí gbogbo káfíńtà mọ̀: igi tó bá ru ẹrù máa ń há ayùn mọ́ra. Ó fa ayùn lẹ́ẹ̀kan, kò há. Ó fà á títí ó fi wọlé dé ìdajì, ṣe ló ń lọ bí ẹni ń gé ẹ̀kọ tútù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pariwo.

"Ọ̀gá! Ẹ wá wò ó! Igi yìí ò gbé nǹkan kan!"

Èkejì ló kọ́kọ́ sáré wọlé. "Má fà á mọ́! Igi tí wọ́n ń tì ló ń há ayùn. Èyí tí wọ́n ń fà, ẹnu ló ń yà! Igi òkè méjèèjì fẹ́ yà síta, èyí ló so wọ́n pọ̀!"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ojú ibi tó gé ti fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Nǹkan kan dún kẹ̀ẹ́ lókè, iyẹ̀pẹ̀ dà sílẹ̀ látorí ògiri. Ó ju ayùn nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì so mọ́ igi náà, bíi pé ọwọ́ èèyàn lè di ohun tí odindi òrùlé ń fà ya mú.

Wọ́n sáré fi òpó mẹ́ta tì í lábẹ́. Èkejì wá fi pákó méjì há igi náà láàárín, ó kan ìṣó ńlá wọ inú wọn. Òrùlé ò wó. Ohun mìíràn ló wó lọ́jọ́ yẹn nínú ọkàn ọkùnrin náà.

Ọ̀gá ò bínú sí i. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́la, ìwọ lo máa jókòó."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá gbé pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́, ó ní kó mú oríkèé kan ṣoṣo dọ́gba. Nígbà tó di ọ̀sán, ìwé ti lu níbi tó ń pa rẹ́. Oúnjẹ dé, òun ni ọ̀gá kọ́kọ́ gbé e fún. Kò lè jẹ ẹ́. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n lọ ru igi."

Èkejì ni ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Ọkùnrin wa ṣì ń jowú díẹ̀, n ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ó máa ń béèrè kó tó gé nǹkan.

Ìwọ náà ńkọ́, Láoyè? Látìgbà tó o ti jókòó tì mí, ẹjọ́ àbúrò rẹ lò ń rò. O ní ìwọ lò ń forí ṣe fọrùn ṣe ní ìdálẹ̀, òun jókòó ti ìyá yín nílé, ó ń jẹ, ó ń sùn, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìyá ń kọ́kọ́ pè nínú àdúrà. O ní tó bá dọjọ́ ìpàdé ẹbí, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé kò wúlò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò lè dá dìde mọ́ ń fà á lápá kan. Ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n kúrò nílé yẹn ń fà á lápá kejì. O ò gbọ́ kó ké, o wá pè é ní ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ yẹn máa rọrùn lẹ́nu rẹ gan-an, bí ayùn ṣe rọrùn lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Má jẹ́ kí ìrọ̀rùn yẹn tàn ẹ́.

Lọ sílé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ní kí àbúrò rẹ jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ìwọ jókòó ti ìyá yín. Lẹ́yìn ìyẹn, tó o bá ṣì rí ọ̀rọ̀ sọ, wá pè mí. Èmi náà á bá ẹ débẹ̀ lọ sọ ọ́.