Àwẹ̀ró àti Katikíìsì Tó Ti Ilẹ̀kùn Ọlọ́run

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àbí oorun ti ń kùn yín ni? Mo ní, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ ooo!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó ré kọjá ààfin, ó ré kọjá ọjà, ó wá balẹ̀ gbì sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà ní Òkè-Ìyẹ́mi. Ibẹ̀ ló ti bá obìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tí inú rẹ̀ ń ru.

Nígbà kan, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bí Àwẹ̀ró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Mọ́níkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so òun àti Láídé ọkọ rẹ̀ pọ̀. Òun ló ń lé orin. Bí Àwẹ̀ró bá la ohùn báyìí, àwọn tó ń lọ sódò á sọ garawa kalẹ̀, wọ́n á máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n Fadá kì í gbé ìlú náà. Ọ̀nà jìn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wá ṣe Mísà. Gírígórì, katikíìsì ìjọ, ló ń bójú tó gbogbo nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ó bá ń rìn, kọ́kọ́rọ́ á máa dún ṣẹkẹ-ṣẹkẹ ní ìbàdí rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì le koko. Torí pé òun ló ń ti ilẹ̀kùn, Gírígórì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ló ni ilé.

Ó dá oko ẹ̀gẹ́ ńlá kan. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń kó àwọn ọmọ ìjọ lọ ro ó. Á ní, "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni o! Ẹni tí kò bá wá, kó má bá mi débi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀." Láídé lọ, lọ, lọ, ó sú u. Lọ́jọ́ kan, ó ju ọkọ́ sílẹ̀ gbàgà.

"Bàbá Katikíìsì, ta ló máa jẹ ẹ̀gẹ́ yìí?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Mi ò tíì rí i kí Ọlọ́run wá gbé gàrí níbí."

Ni gbogbo èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Gírígórì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni igi wó lu Láídé lóko, ó sì kú. Háà! Àwẹ̀ró sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n gbé pósí, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì gbọin. Gírígórì dúró síwájú rẹ̀, ó ká apá lé àyà.

"Láídé ò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Ọdún Àjíǹde tó kọjá," ó ní. "Òkú rẹ̀ ò ní wọ ibí."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ibà ló dá ọkọ mi dúbúlẹ̀ nígbà yẹn! Mo bẹ̀ yín kí ẹ mú Fadá wá bá a nílé. Ẹ ò mú un wá!"

"Òfin ni mo sọ yẹn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn ń pa òkú."

"Ẹ gbé e kúrò níbí."

Omijé gbẹ lójú Àwẹ̀ró fúú. Nǹkan tó gbóná ló gba ipò rẹ̀. Ó la ohùn tó há yẹn, ó dá orin, àwọn tó gbé pósí sì ń gbè é. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ti ilẹ̀kùn?
*Ṣí i gbayawu!*
Ilẹ̀kùn ilé Bàbá mi,
*Ṣí i gbayawu!*
Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà,
*Ṣí i gbayawu!*
Oòrùn ń pa á, kò lè sọ̀rọ̀,
*Ṣí i gbayawu!*
Gírígórì, kì í ṣe tìẹ,
*Ṣí i, ṣí i, ṣí i gbayawu!*

Gírígórì kò ṣí i. Wọ́n sin Láídé sẹ́yìnkùlé ilé ara rẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn, láìsí omi mímọ́, láìsí àdúrà ìjọ. Ìgbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, Àwẹ̀ró padà lọ bá Gírígórì lójú gbogbo ayé. Àwẹ̀ró tí kò pe àgbàlagbà ní "ìwọ" rí o!

"Ìwọ Gírígórì," ó ní, "di ilé náà mú dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọdún ń gorí ọdún, kò lọ. Ìbínú ló ń bá jí, ìbínú ló ń bá sùn. Ohun tó tún ń bí i nínú jù ni pé àárò ibẹ̀ ń sọ ọ́. Bí ó bá ń fọ aṣọ, orin Mísà á ṣàdédé bọ́ sí i lẹ́nu. Á pa ẹnu dé, á pòṣé ṣàà, á wá máa gbo aṣọ bí ẹni pé aṣọ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Gírígórì lé ọmọbìnrin kan tó lóyún láì tíì lọ́kọ. Ó lé bàbá kan tí kò rí bàtà wọ̀. Èyí lọ, tọ̀hún lọ, títí ṣọ́ọ̀ṣì fi dá páropáro, tí aláǹgbá ń sáré lórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbà tó yá, Fadá tuntun dé, Fadá Adéwuyì. Ó wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Gírígórì, àwọn èèyàn dà?"

"Wọ́n ti padà sẹ́yìn, Fadá. Olóríkunkun ni wọ́n."

"Lọ pè wọ́n. Sọ fún wọn pé ilé wọn ni, pé a ń retí wọn."

Gírígórì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà! Ó dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, kò tiẹ̀ kí i. Ó ní, "Fadá ní kí ẹ̀yin aṣáko wá tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí iná ọ̀run àpáàdì má baà jó yín."

Àwẹ̀ró dìde gìrì. "Èmi? Àforíjì? Ó dáa. Mò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo àwọn tó ti lọ ló dé. Gírígórì ti gbé bẹ́ǹṣì kan sí ìdí ilẹ̀kùn fún wọn. "Ibí ni kí ẹ jókòó," ó ní. "Bí Fadá bá wàásù tán, ẹ ó fi eékún rìn wá síwájú."

Àwẹ̀ró wo bẹ́ǹṣì. Ó wo Gírígórì. Ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ, paá, paá, paá, títí ó fi kan Fadá níwájú pẹpẹ.

"Fadá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní kí n wá tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí mo ṣe." Ó ro ẹjọ́ ẹ̀gẹ́, ó ro ẹjọ́ ibà, ó ro ẹjọ́ pósí nínú oòrùn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò lọ mọ́, ó dá orin:

Ta ló ti ilẹ̀kùn?
*Ṣí i gbayawu!*

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde wùyà, wọ́n ń gbè é, òrùlé páànù ń mì.

Gírígórì, kì í ṣe tìẹ,
*Ṣí i, ṣí i, ṣí i gbayawu!*

Ojú Fadá yí padà. "Gírígórì, ṣé òótọ́ ni?"

Gírígórì ń wolẹ̀.

"Ìwọ lo lé wọn, o tún ní kí wọ́n wá máa fi eékún rìn? Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá!" Fadá gbà á. Lẹ́yìn náà, tòun ti aṣọ Mísà lọ́rùn, Fadá kúnlẹ̀ síwájú àwọn tí Gírígórì lé. "Ẹ dárí jì wá. Ìjọ ló ṣẹ̀ yín." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìyá, níbo lẹ sin ín sí?"

Wọ́n gbé àgbélébùú, wọ́n gbé omi mímọ́, gbogbo ìjọ tú jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn. Fadá gba gbogbo àdúrà òkú fún Láídé, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró wá rí omijé sun. Ibẹ̀ náà ló ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Fadá. Ó sì gba ara Olúwa lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Gírígórì kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn èèyàn ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀!" Inú Àwẹ̀ró náà kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó ṣe, wọ́n ní ọkùnrin náà ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, á jókòó sílé, kò ní jáde. Àwẹ̀ró mọ irú ìjókòó yẹn. Òun náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí.

Bó ṣe gba ọ̀nà ilé Gírígórì lọ nìyẹn, ó lu ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Ẹ gbè é!

Ta ló ti ilẹ̀kùn?
*Ṣí i gbayawu!*
Gírígórì, tìẹ lo tì yìí,
*Ṣí i, ṣí i, ṣí i gbayawu!*

Gírígórì ṣí i díẹ̀. "Ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Wọ bàtà rẹ."

"Mi ò lójú tí mo fẹ́ fi wọ ibẹ̀."

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," Àwẹ̀ró ní. "Bí mo bá rí ọ, àyà mi á máa gbóná. Ṣùgbọ́n ilé Bàbá mi ni, mi ò ní ti ẹnikẹ́ni síta níbẹ̀. Wá jókòó, kí Ọlọ́run máa wo àwa méjèèjì."

"Àwẹ̀ró, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ Láídé."

"Mo mọ̀. Wọ bàtà."

Àwẹ̀ró ń lọ níwájú, Gírígórì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n wọlé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wuyẹwuyẹ, wọ́n ya ẹsẹ̀ kí bẹ́ǹṣì lè kún. Àwẹ̀ró kígbe mọ́ wọn, "Ẹ sún! Mo ní, ẹ sún fún un!"

Wọ́n sún.

"Ìyá Àgbà, ṣé Àwẹ̀ró dárí ji Gírígórì?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọmọ yìí! Lọ́jọ́ yẹn? Rárá o. Ó pẹ́ díẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyẹn, tó fìdí kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, ẹ pè mí, kí n má lè jẹ́.

"Ìyá Àgbà!"

"Ooo!" Ẹ ò rí i pé mo jẹ́?

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ má ti ilé Ọlọ́run mọ́ ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó ni ín nínú wa. Bí ẹ bá lé èèyàn lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó padà wá. Ẹni tí wọ́n lé náà, bó ti wù kí inú bí i tó, kó má fi ilé Bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó lé e.