Ọdẹ́tọ́lá àti Pèrègún Ààlà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ sùn o. Èmi kì í pa àlọ́ fún ẹni tó ń tòògbé. Àlọ́ mi dá gbàùù, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Ọdẹ́tọ́lá àgbẹ̀ àti pèrègún ààlà.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹyẹ ń fọhùn bí ènìyàn, Ọdẹ́tọ́lá ń dá gbé ní oko jíjìn kan. Kò ní aya, kò ní ọmọ. Bí ó bá sín, òun náà ni yóò kí ara rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà nítòsí rẹ̀ ni Ìyá Àwẹ̀ró, arúgbó opó tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà. Pèrègún ni àwọn bàbá wọn gbìn sójú ààlà náà. Ní àràárọ̀, màmá á dúró lẹ́bàá pèrègún, á ní, "Ọdẹ́tọ́lá, ṣé o jí ire?" Ọdẹ́tọ́lá á ní, "A dúpẹ́, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ohùn ènìyàn tí ó máa ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Igi àgbálùmọ̀ kan wà nínú oko Ìyá Àwẹ̀ró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà gan-an. Nígbà tó yá, ẹ̀ka rẹ̀ na wá bo ebè Ọdẹ́tọ́lá, iṣu abẹ́ rẹ̀ kò sì ta.

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gé igi yìí. Ìbòòji rẹ̀ ń pa iṣu mi."

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ọmọ mi, gé ẹ̀ka tó wà lọ́dọ̀ rẹ, mi ò ní bínú. Kí o sì gbin kókò sábẹ́ rẹ̀. Kókò fẹ́ràn ìbòòji. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ìdí igi. Ọkọ mi ló gbìn ín lọ́dún tó gbé mi níyàwó. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ilé bá dá páro."

Ọdẹ́tọ́lá kò fẹ́ kókò. Iṣu ló ń wù ú. Nígbà tí màmá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú, tí òjò sì ti rọ ilẹ̀, ó hú pèrègún, ó kó wọn kọjá igi àgbálùmọ̀, ó tún wọn gbìn. Ẹ sì mọ pèrègún, ibi tí a bá gbìn ín sí ló ń hù sí. Kò pẹ́, ó yọ ewé. Ọdẹ́tọ́lá wò ó, ó ní, "Ààlà rèé. Igi ti di tèmi." Ta ló ń sọ fún? Ara rẹ̀ ni.

Ó mú àáké. Ó ṣá igi lẹ́ẹ̀kínní, gbàù! Àdàbà tó ń gbé orí igi yọrí, ó fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ọdẹ́tọ́lá, sọ àáké kalẹ̀
Ègbè: Jẹ́jẹ́ oko o, jẹ́jẹ́
Lílé: Ta ló gbin igi tí ò ń gé?
Ègbè: Jẹ́jẹ́ oko o, jẹ́jẹ́
Lílé: Pèrègún ṣípò, igi ò ṣípò
Ègbè: Jẹ́jẹ́ oko o, jẹ́jẹ́
Lílé: Ẹni ṣí ààlà á dá gbé
Ègbè: Jẹ́jẹ́ oko o, jẹ́jẹ́

Ọdẹ́tọ́lá gbọ́ orin náà. Ó sọ àáké kalẹ̀. Àmọ́ bó ti wo ebè rẹ̀, ọkàn rẹ̀ tún le. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, gbàù! Àdàbà tún kọrin, ẹ tún gbè é: Jẹ́jẹ́ oko o, jẹ́jẹ́. Ọdẹ́tọ́lá nu òógùn ojú, ó ní, "Ṣé ẹyẹ ló máa fún mi ní iṣu jẹ ni?" Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kẹta, gbàù! Lọ́tẹ̀ yìí, àdàbà kò kọrin mọ́. Igi ya lulẹ̀, gbìì! Àdàbà gbéra fìrì, ó fò lọ, kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró dé, ó gbé agbọ̀n wá láti ṣa àgbálùmọ̀. Kùkùté ló bá. Ó wo pèrègún títí, ó wá wo Ọdẹ́tọ́lá. Ó ní, "Ọdẹ́tọ́lá, mi ò mọ̀ pé pèrègún ń rìn."

Ọdẹ́tọ́lá dorí kodò. Màmá kò bú u, kò fi í sùn ní ààfin. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú.

Iṣu Ọdẹ́tọ́lá ta lọ́dún náà, ó ta dáadáa. Ó gún iyán, ó gbé e kalẹ̀, kò rí ẹni tó máa sọ fún pé ẹ wá jẹun. Ó bu òkèlè, ó tún dá a padà sínú àwo. Àárò màmá náà sọ ọ́ gidigidi. Ó bá kó iṣu sínú apẹ̀rẹ̀, ó lọ sí ìlú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àwẹ̀ró.

"Ìyá, ẹ foríjì mí. Mo ti dá pèrègún padà sí àyè rẹ̀. Mo sì ti gbin àgbálùmọ̀ mìíràn."

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti foríjì ọ́ tipẹ́."

"Ṣé ẹ ó bá mi padà lọ nígbà náà?"

Màmá mi orí. "Igi tí o gbìn yẹn, kò mọ ọkọ mi. Kí ni mo fẹ́ bá a sọ? Gba omi mu, kí o tètè máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú ọ sọ́nà."

Ọdẹ́tọ́lá mu omi, ó dúpẹ́, ó padà sí oko. Igbó bo oko màmá náà, Ọdẹ́tọ́lá sì dá gbé nínú oko tirẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí mo fi ṣẹ́rí padà wá bá yín nídìí iná yìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, àdàbà ni kí ẹ bi. Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa ni pé kí á má ṣe ṣí ààlà ẹnìkejì wa, kí á má sì gé igi tí a kò gbìn. Ẹni tí a ṣẹ̀ lè foríjì wá tinútinú, síbẹ̀ kí ó má padà wá bá wa gbé mọ́.