Pápá Ìjà Òkété

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ró gbì, ó balẹ̀ sí pápá tí Òkété fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ẹ súnmọ́ mi, ẹ yé jà lórí ẹní.

Òkété ní kí gbogbo ẹranko wá jà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ọfà, kò sí òkò, àfi ọwọ́ àti kùmọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn. Ẹni tó bá dúró kẹ́yìn ló borí. Ẹ gbè é!

Ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀?
Kì í ṣe tèmi!

Lọ́jọ́ ọjà kìíní, pápá kún dẹ́nu. Ìgbín ló borí, torí kò sẹ́ni tó lè ṣí i nílẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kejì, Àwòdì tí kò jà rí wà lórí igi, ó ní, “Ṣé pápá nìyí? Pápá ìjà tí Ẹkùn ní dáa jù ú lọ.” Ìdajì àwọn ẹranko bá lọ sílé. Lọ́jọ́ ọjà kẹta, Ìgbín nìkan ló wá.

Òkété gbá pápá mọ́, ó ti ilẹ̀kùn ọgbà tó yí i ká.

Àwòdì rẹ́rìn-ín: “Òkété, o ṣubú!”

 Òkété kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní, “Ìwọ tí o ò fẹsẹ̀ kan pápá yìí rí! Ilẹ̀kùn ni mo tì. Sọ̀ kalẹ̀, wá wo ẹ̀yìn mi. Bí o bá rí erùpẹ̀ níbẹ̀, kí o tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.”

Àwòdì ò sọ̀ kalẹ̀ o. Ìgbín ló dárin. Èmi tí mo ń pàlọ́ yìí, bí mo bá purọ́, kí ẹ̀yìn tèmi kanlẹ̀. Ẹ gbè é, kí Àwòdì gbọ́!

Ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀?
Kì í ṣe tèmi!