Owó Èémí Ògúnrìndé

Alágbẹ̀dẹ ni Ògúnrìndé, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Abọ́sẹ̀dé. Ní ìlú Ìlárá-Odò láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń rọ ọkọ́ bíi ti àwọn méjèèjì. Bàbá ní ń lu irin, ọmọ ní ń fẹ́ná pẹ̀lú ẹwìrì. Wọn kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ jẹ rí.

Ìlú náà ní tẹ́tẹ́ kan tí gbogbo ilé ń ta lọ́dọọdún. Olúkúlùkù á san owó ẹyọ díẹ̀, á ju àpáàdì tó ní àmì ilé rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan láàfin, wọn á wá ní kí afọ́jú kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí àpáàdì rẹ̀ bá jáde ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ nìyẹn. Ìpín kan nínú owó ibodè ni yóò máa gbà lọ́dọọdún, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Lọ́dún kan, àpáàdì Ògúnrìndé ló jáde.

Háà, ayọ̀ wọlé! Abọ́sẹ̀dé pa ẹwìrì tì lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ra ẹṣin, ó fẹ́ ìyàwó kejì, ó ń fi agbádá gbálẹ̀ kiri ìlú. Bàbá nìkan ló kù ní àgbẹ̀dẹ, tó ń fi ọwọ́ kan fẹ́ná, tó ń fi ọwọ́ kejì lu irin.

Bàbá pè é lọ́jọ́ kan. "Abọ́sẹ̀dé, wá di ẹwìrì mú. Èémí mi ni wọ́n ń sanwó fún o. Bó bá dákẹ́, owó dákẹ́."

"Ẹ̀yin bàbá yìí náà! Oyè bàbá a máa kan ọmọ, oko bàbá a máa kan ọmọ, kódà gbèsè bàbá a máa kan ọmọ. Ṣé owó ibodè wá ni kò ní kàn mí?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ láàfin."

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ni?"

Bàbá mirí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ó sì padà sídìí irin rẹ̀.

Ògúnrìndé kú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Owó tó gbà lọ́dún náà ti tán. Abọ́sẹ̀dé sunkún, ó nujú, ó tọ olówó kan tó ń jẹ́ Akíntáyọ̀ lọ láti yáwó. Ó ní òkú bàbá òun kì í ṣe òkú tálákà, pé bí wọ́n bá ti san owó ibodè, òun á dá a padà. Màlúù wó, ọtí ṣàn, gbogbo ìlú jẹ, wọ́n yó. Ẹ wo ọmọ tó gbọ́n!

Nígbà tí ọdún yí po, ó gbé igbá lọ sí ibodè.

"Owó wo lẹ bá wá?" oníbodè bi í.

"Owó bàbá mi ni. Èmi ni àrólé. Ṣebí ẹ jẹ nínú màlúù ìsìnkú wọn."

"Mo jẹ ẹ́, ẹ kú àṣeyẹ o. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ń mí ló ń gbowó yìí. Wọ́n ti fọ́ àpáàdì bàbá yín láàfin."

Abọ́sẹ̀dé gba àgbẹ̀dẹ lọ tàánú-tàánú. Eku ti jẹ awọ ẹwìrì, òòlù ti dípẹtà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé kò lè lu irin títí di ọ̀sán. Ó ta ẹṣin, ó ta agbádá, gbèsè kò tán. Ìyàwó kejì ti kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Akíntáyọ̀ dé, kò sí ohun tó kù láti fi dógò bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ṣe di ìwọ̀fà nínú oko olóko. Ọkọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ ló rọ ọ́.

Ìyá arúgbó kan ń kọjá lọ, ó dá a mọ̀, omi lé e lójú.

"Ọmọ Ògúnrìndé! Ta ló tà ọ́ síbí?"

"Èmi náà ni, ìyá."

"Ta wá lo ta ara rẹ fún?"

Ó wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí. "Òṣì ni, ìyá."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Ìlárá-Odò, bí wọ́n bá rí ọmọ tó káwọ́ gbera tó ń ṣọ́ dúkìá bàbá rẹ̀, ti ń wí pé: Ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.